Ìbọn Tó Ń Pè Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Yìnyín kò tíì bọ́ ní Rauhala, ìlú wa, lọ́dún náà, síbẹ̀ yìnyín wà léjìká ọkùnrin tó ń ta ìbọn. Aili Harju rí i kedere. Inú gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n wà, ní Sátidé tí wọ́n máa ń ta nǹkan àlòkù kí àsìkò ọdẹ tó wọlé. Sítóòfù ń jó lápá méjèèjì, àwọn ọkùnrin ti bọ́ kóòtù wọn kọ́ ẹ̀yìn àga, òógùn sì ń yọ lórí àwọn tó sanra nínú wọn. Yìnyín tó wà léjìká ọkùnrin yìí kò yọ́.

Aili sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹ̀fun ni. Ẹni tó bá ti ń ṣe búrẹ́dì láti ìgbà èwe, kò sí ibi tí kì í ti í rí ìyẹ̀fun.

Ó ti yí gbọ̀ngàn náà ká kó tó dé ìdí tábìlì tó wà ní kọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn ọlọ́wọ́-irin ló ń wá, irú èyí tí irin róbótó kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí ọdẹ máa ń jù síwájú, tí á tún fà padà kí ọta míì tó wọlé. Èyí tó dára nínú wọn, owó rẹ̀ kọjá ohun tí apá rẹ̀ ká. Èyí tó rọ̀ lọ́rùn, ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ tán. Owó ẹyin adìyẹ ló rọra tù jọ, kò sì sí ibòmíràn tó máa ti rí sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibi ìwakùsà pa, ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá ṣì ń rí iṣẹ́ ṣe nílùú wa, à ń kí i kú oríire ni.

Kì í ṣe fún ara rẹ̀ ló ṣe ń wá ìbọn. Bàbá rẹ̀, Urho Salmi, ló fẹ́ rà á fún. Nígbà kan, bí Urho bá ní àgbọ̀nrín á gba ibí kọjá, àgbọ̀nrín á gba ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdún méjì sẹ́yìn ni iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Á gbé ìkòkò kaná, á gbàgbé omi. Á pe Aili ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Rudy, àbúrò Aili, wá lọ ta ìbọn bàbá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ìbọn ò yẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọjọ́ òní. Ó tún wá là á mọ́lẹ̀ fún Aili pé bí ohunkóhun bá ṣe bàbá lásìkò ọdẹ tó ń bọ̀ yìí, ilé àwọn arúgbó ló ń lọ, kò sì sí ẹkún tó máa dá a padà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá náà bẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí iyè rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Aili, tó bá di ọjọ́ kìíní ọdẹ, jẹ́ kí nǹkan wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ jókòó sínú ahéré tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ bí àlejò." Aili lọ ro ó. Ó pinnu pé ìbọn á wà lọ́wọ́ bàbá, ọta á wà lápò ọmọ.

Ó kí ọkùnrin náà. "Kú ìjókòó o, àbúrò. Ṣé mo lè wo ìbọn yẹn?"

"Àbúrò kẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Wò ó. Torí kí o lè wò ó ni mo ṣe gbé e wá."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó há, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tó ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Aili gbé ìbọn náà. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ra àlòkù: má wo ẹwà igi, wo orí síkúrúù, tí ẹnu rẹ̀ bá ti fẹ́, aláìmọ̀kan ti tú u rí. Fọwọ́ pa ọrùn igi rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń là. Ju ọwọ́ irin síwájú, ki èékánná rẹ sí ìdí ọ̀pá rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn níbẹ̀, kí o wá tẹ ojú mọ́ ẹnu rẹ̀ kí o wo inú. Tó bá jẹ́ ojúlówó, èékánná ara rẹ lo máa rí lódìkejì.

Síkúrúù pé, ọrùn igi pé. Ọwọ́ irin náà ń lọ ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmọ́ ó tutù. Ìtutù rẹ̀ wọ ọwọ́ Aili títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ki èékánná sí ìdí ọ̀pá náà, ó tẹ ojú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó wò.

Kò rí èékánná. Igi kédárì ló rí, dúdú, wọ́n tò gbọọrọ, yìnyín sì ń bọ́ láàárín wọn láìdáwọ́ dúró.

Ó gbé ojú kúrò kíákíá. Nígbà tó tún wò ó, inú ọ̀pá náà mọ́ tónítóní, ó ń dán, èékánná rẹ̀ sì ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lódìkejì. Àmọ́ ìbọn tó dára tó báyìí, ta ló máa fi í sílẹ̀ tìtorí pé ojú rẹ̀ ń ṣe é bákan?

"Èló ni?"

"Èló lo ní?"

"Wọn kì í tajà báyẹn, àbúrò."

"Bí mo ṣe ń ta tèmi nìyẹn."

Aili la ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà mú ìdajì owó náà, ó ti ìyókù padà sí i. "Fi èyí ra ọta," ó wí. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ìdì tó wà lábẹ́ apá Aili. "Kí ló wà nínú aṣọ yẹn?"

"Pásítì ni, ẹran tí mo fi ìyẹ̀fun wé yan. Oúnjẹ ọ̀sán mi."

"Ẹran àti pòtétò?"

"Ta ló ń ṣe pásítì tí kò ní pòtétò? Ó ṣì gbóná."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́," ni ọkùnrin náà wí. Kò tọrọ rẹ̀, ojú lásán ló fi ń wò ó, ṣùgbọ́n Aili rí ebi nínú ojú náà, ebi tí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Aṣọ ìnuwọ́ tó dáa jù nílé rẹ̀ ló fi di pásítì ọ̀hún, aṣọ funfun tó fi òwú pupa ṣẹ́ etí rẹ̀, tó sì kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjèèjì sí igun kan. Ó fẹ́ tú aṣọ náà kó gbé pásítì nìkan sílẹ̀. Ojú tì í, ó gbé gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọkùnrin náà dìde. Nígbà yẹn ni Aili rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní ìrù. Ṣẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn aláwọ̀ ewé ni, tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí ọdẹ kan ò wọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti ní aláwọ̀ ọsàn ni kí gbogbo wa máa wọ̀ nígbó. Ọ̀bẹ ló gé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tíyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tó tàsé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gé ìrù ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri ahéré, wọ́n á fi í ṣẹ̀sín títí ayé.

"Wọ́n ti gé tìẹ," Aili fi ṣẹ̀fẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ọdẹ ọdún yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ti àtijọ́ ni." Ó sún mọ́ ọn, ó tún rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́. Tó o bá gbọ́ mẹ́ta, dá a lóhùn."

"Ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n," ni ọkùnrin náà wí. "Wọn ò dáhùn. Bá mi kí bàbá ẹ."

Aili ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé òun ò dárúkọ bàbá kankan. Ó bojú wẹ̀yìn. Tábìlì náà ṣófo, omi sì ń kán láti orí àga sílẹ̀.

Ìbọn náà kò gbóná rárá. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ilé ìdáná ni Aili gbé e kọ́, ibi tí ológbò pàápàá kì í lè sùn sí pẹ́ torí ooru, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ìrì dídì á ti bo ọ̀pá rẹ̀ funfun. Ó ń fi aṣọ nù ún láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó gbé e lé bàbá lọ́wọ́, Urho gbé e sórí itan. Ó ju ọwọ́ irin náà síwájú, ó fà á padà, ó fi àtàǹpàkò pa ojú ọgbẹ́ kékeré kan tó wà lára igi rẹ̀.

"Ṣé ó ti délé ni?" bàbá béèrè.

"Ta ni, Bàbá?"

Bàbá tún fọwọ́ pa igi ìbọn náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn sínú irùngbọ̀n. Aili rò pé àìsàn náà ni, ó bá a nu ojú nù, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ, Rudy fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó gbogbo wọn lọ sí ahéré: òun, bàbá, Aili, àti Gus Trevarrow, arúgbó tí òun àti Urho ti jọ ń dọdẹ láti kékeré. Obìnrin kan ò sùn nínú ahéré yẹn rí. Rudy ní ọbẹ̀ ni Aili wá sè, bàbá ló wá ṣọ́, kó má wá máa pe ara rẹ̀ lọ́dẹ. Ó gbà kí ìbọn wà lọ́wọ́ bàbá kìkì torí pé ọta rẹ̀ wà lápò Aili.

"Fi í sílẹ̀ jàre," Bàbá Gus wí. "Ẹ̀yin tí ìdílé yín ti Finland wá ò mọ ọbẹ̀ í sè. Ogójì ọdún ni mo fi jẹ ẹja oníyọ̀ bàbá ẹ, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni mo ṣì wà láyé."

Aili rẹ́rìn-ín, ó ń wo ògiri. Ìrù ṣẹ́ẹ̀tì ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, pupa, dúdú, aláwọ̀ ọsàn, orúkọ alátasé àti ọdún rẹ̀ lára kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, èyí tí èéfín ti sọ di bíi àwọ̀ ewé gbígbẹ. Aláwọ̀ ewé ni tẹ́lẹ̀, ó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Aili nàka sí i.

"Bàbá Gus, ta ló ni eléyìí?"

Bàbá Gus yọ páìpù lẹ́nu. "Arvo Lahti. Ṣé o ò mọ ìtàn ẹ̀ ni?"

Gbogbo Rauhala ló mọ̀ ọ́n. Àbàtà kédárì tó wà lẹ́yìn ahéré yẹn, Àbàtà Arvo là ń pè é. Ṣùgbọ́n Aili kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ṣojú rẹ̀.

"Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹgbẹ́ èmi àti bàbá ẹ," Bàbá Gus wí. "Àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdẹ ló tàsé àgbọ̀nrín tó dúró gbagidi bíi màlúù. A gé ìrù ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Èmi ni mo dì í mú, bàbá ẹ ló lo ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, ló bá tún gbé ìbọn jáde lọ́sàn-án. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, a gbọ́ mẹ́ta. Ó ń sinmi láàárín wọn."

Ọmọdé ibí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá sọnù nígbó á yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sinmi láàárín wọn. Ẹni tó bá gbọ́ á yin ẹyọ kan padà, á sì máa lọ sí ibi tí ìró ti wá.

"Kí lẹ ṣe?"

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀," Bàbá Gus wí. "Mo ní, 'Arvo tún ti tàsé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́tẹ̀ yìí, ẹ wá ọ̀bẹ, iwájú ṣẹ́ẹ̀tì ló kù.' Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó fi máa yé wa, yìnyín ti bo ojú ẹsẹ̀ ẹ̀. A ò rí i, a ò rí ìbọn ẹ̀."

Urho jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìbọn wà lórí orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lọ́nà àbàtà. Kí ni Aili máa sọ fún wọn? Tó bá ní òun ra ìbọn lọ́wọ́ òkú, Rudy á ní kí wọ́n kó bàbá àti ọmọ lọ sílé àwọn arúgbó pa pọ̀. Ó fọwọ́ kan páálí ọta tó wà lápò rẹ̀. Wọ́n pé síbẹ̀, kò tíì tú ìdì rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yìnyín àkọ́kọ́ ọdún ti ń bọ́. Aili jáde lọ kó igi wọlé. Rudy ti lọ sí ibùba rẹ̀, Bàbá Gus sì ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí Aili fi máa padà wọlé, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ṣófo. Ìbọn kò sí níbẹ̀. Kóòtù bàbá ṣì wà lára ìṣó.

Wọ́n pè é títí ohùn wọn fi há. Rudy sáré dé nígbà tó gbọ́ igbe wọn, ó lọ sápá odò, ó fi ìbínú lọ. "Mo ti sọ fún ẹ!" ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó lọ. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ẹ̀gbọ́n mi, tá a bá rí i láàyè, ilé àwọn arúgbó ló ń lọ tààrà." Yìnyín ti kún ojú ẹsẹ̀ bàbá tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọn sì ń dún káàkiri gbogbo igbó, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Ọjọ́ kìíní ọdẹ, gbogbo ọkùnrin àgbègbè wa ló wà nígbó.

Ó ti ń di ọ̀sán nígbà tí Aili gbọ́ ọ. Ọ̀kan. Ìsinmi. Ọ̀kan. Ìsinmi. Ọ̀kan. Ọ̀nà àbàtà ló ti wá, ìró náà sì nípọn, kò jọ ti àwọn yòókù.

"Bàbá Gus, ẹ gbọ́ ìyẹn?"

"Ẹnìkan ti ń pa àgbọ̀nrín," Bàbá Gus wí. "Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aláì..."

Páìpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ìta. Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó gbé ìbọn tirẹ̀, ó fi í lé Aili lọ́wọ́.

"Dá a lóhùn," ó wí. "Ọmọ mi, tètè dá a lóhùn."

Aili jáde, ó kọ ẹnu ìbọn sókè, ó yin ẹyọ kan. Ó dúró. Yìnyín ń bọ́ sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Láti inú àbàtà, mẹ́ta dáhùn.

Orúnkún Bàbá Gus kò jẹ́ kó lè kọjá etí àbàtà, ó gba ìbọn rẹ̀ padà. Ó ní kí Aili bùrìn, òun á dúró síbẹ̀, òun á máa yin ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ọ̀nà àbọ̀. "Ọta mi pọ̀," ó wí. "Lónìí, tó bá tán, màá máa pariwo." Aili gbé kóòtù bàbá sápá, ó wọ inú kédárì.

Ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n. Igi há mọ́ igi, ìtàkùn há mọ́ gbòǹgbò, ilẹ̀ tó dà bíi pé ó le á sì gbé èèyàn mì dé ìbàdí. Ó subú, ó dìde. Omi wọ bàtà rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá yíjú sí jọra wọn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rí i nínú ọ̀pá ìbọn lọ́jọ́ tó rà á. Nígbàkigbà tí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ọn lójú, mẹ́ta á tún dún, á sì sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ, ó ń ní mò ń bọ̀, mo ti gbọ́, mò ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò mọ̀ bóyá bàbá tàbí Arvo lòun ń sọ ọ́ fún mọ́.

Abẹ́ kédárì ńlá kan ló ti bá bàbá. Ó jókòó lórí koríko gbígbẹ tí ẹnìkan tẹ́ sílẹ̀ fún un, ó fẹ̀yìn ti igi, ìbọn wà lórí itan rẹ̀. Ètè rẹ̀ kò dúdú. Ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aili," ó wí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè. "O pẹ́ díẹ̀."

Aili kúnlẹ̀, ó ju kóòtù bò ó, ó gbá a mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó fẹ́ bá a dè é lọ́rùn ló rí aṣọ tí wọ́n ti so síbẹ̀ kí òtútù má baà wọlé. Aṣọ funfun ni. Òwú pupa wà létí rẹ̀, lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjèèjì sì wà ní igun kan.

"Bàbá, ta ló so èyí fún yín?"

"Arvo ni. Ó ní kí n má sùn, pé tí mo bá sùn ó parí. A jọ ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó ní kí n má ronú ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yẹn mọ́." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ó bu oúnjẹ fún mi. Ó ní kí n dá ìdajì sí fún ẹ, pé o máa ti rìn."

Ìdajì pásítì wà lórí gbòǹgbò. Oṣù kan ti kọjá tí Aili ti gbé e fún ọkùnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná, èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀.

Ó mú ìbọn náà lórí itan bàbá. Páálí ọta ṣì wà lápò rẹ̀, ìdì rẹ̀ kò tú. Ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀tù ń jáde lẹ́nu ìbọn, kòròfo ọta tó ti láwọ̀ ewé nítorí ọjọ́ pípẹ́ fọ́n ká sórí yìnyín, irin tí kò gbóná rí láti ọjọ́ tó ti rà á sì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí ara èèyàn. Ó tẹ̀ lé ojú bàbá lọ sábẹ́ gbòǹgbò. Ìsàlẹ̀ bàtà kan wà níbẹ̀, ìṣó kún un, ewédò ti hù bò ó. Egungun wà nínú bàtà náà. Ìdí igi yẹn ni Arvo Lahti ti jókòó láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ń retí ẹyọ kan.

Ẹ̀rù yẹ kó bà á. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kò bà á rárá, pé ayọ̀ ló kún inú òun débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin. Ó jẹ ìdajì pásítì náà tán níbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n dá oúnjẹ sí fún kì í kọ̀ ọ́. Ó fa bàbá dìde, ó gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ní ọ̀nà jíjìn, ìbọn Bàbá Gus dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọrí síbẹ̀.

Rudy pàdé wọn létí àbàtà. Ó rí bàbá tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó gbọ́ tó pe òun ní Rudolph, orúkọ tí bàbá ò rántí láti ọdún tó kọjá. Ó jókòó sínú yìnyín, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Ọ̀rọ̀ ilé àwọn arúgbó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọkùnrin Rauhala fi ọdẹ sílẹ̀, wọ́n lọ gbé Arvo jáde. Irun àgùntàn kì í tètè jẹrà nínú irú àbàtà yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lára rẹ̀. Urho fúnra rẹ̀ ló fa ìṣó yọ lára ògiri, tó gbé ìrù ṣẹ́ẹ̀tì náà lé ẹ̀yìn rẹ̀ nínú pósí. Ó bá ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà géẹ́. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, gbogbo ìlú sì yin ẹyọ kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró rẹ̀ mi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà, ní ọjọ́ kìíní ọdẹ tàbí ọjọ́ mìíràn, kò sẹ́ni tó gbọ́ mẹ́ta lágbègbè wa tí kì í dáhùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Aili fi ìbọn yẹn pa àgbọ̀nrín tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí àwọn ọdẹ gbé kọ́ sórí òpó ìlú kí gbogbo èèyàn lè wò ó. Ọta kan ló lò, bàbá rẹ̀ jókòó tì í. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Rudy fúnra rẹ̀ ló ní kó jókòó sí orí àga tó wà lókè tábìlì ahéré, òun ló sì se ọbẹ̀. Ọbẹ̀ náà ò dùn. Bàbá Gus wá gbé òòlù àti ìṣó, ó ní àwọn ò tíì rí ìrù ṣẹ́ẹ̀tì Aili, ó sì jọ pé àwọn ò ní rí i láéláé, nítorí náà aṣọ ìnuwọ́ olówùú pupa yẹn làwọn máa kàn mọ́ ògiri, ní àyè tí Arvo fi sílẹ̀. Òun nìkan ni aṣọ tó wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti alátasé.

Bàbá Gus gbé ìṣó sójú ibẹ̀, ó gbé òòlù sókè.

"Gbé e sókè díẹ̀ sí i, Gus," Urho wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àga kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo, omi sì ń kán láti orí rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ní òun ò rí i dáadáa láti ibi tí òun jókòó sí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Gus gbé ìṣó náà sókè, ó sì kàn án mọ́bẹ̀.